Lẹ́tà Abẹ́ Gàrí

Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ṣùgbọ́n mo mọ lẹ́tà lójú. Gbogbo èyí tó bá gba ihò ẹnu ilẹ̀kùn wa wọlé ní Peckham, èmi ni mo máa ń ṣà á nílẹ̀, nítorí èmi nìkan ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Èyí tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, tó ní fèrèsé kékeré níwájú, ti kánsù ni. Funfun tó le gan-an, tó ní àmì búlúù lókè, ti ọsibítù ni, ọ̀rọ̀ orúnkún mi. Èyí tó bá ń dán, tí wọ́n ya písà sí lára, garawa ìdọ̀tí ló ń lọ tààrà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì ṣì í rí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n so yìgì ọmọ ọmọ mi obìnrin, lẹ́tà kan wọlé tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Àpò rẹ̀ kéré, kò ní fèrèsé, báírò ni wọ́n sì fi kọ orúkọ sára rẹ̀. Mo mọ orúkọ ọmọ náà tí mo bá rí i, torí ó wà lára ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ tí a gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo dúró nínú kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo ń wò ó. Ta ló ṣì ń fọwọ́ kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Ẹni tí wọn ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ ni.

Mo mọ ẹni náà. Òun àti ọmọ náà jọ kàwé ni, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì fi fẹ́ra. Ó máa ń wá sílé wa, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú kọ́rídọ̀ tí kò gba ènìyàn méjì, a ó wá máa ti ilẹ̀kùn lù ú lẹ́sẹ̀. Ó ní òun á mú àwọn òbí òun wá. A retí wọn títí, wọn ò wá. Iṣẹ́ gbé e lọ sí Scotland, ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín, títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó wá bulọ́ọ̀kù rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ bíbí inú mi, ló rọ̀ ọ́ títí tó fi jẹun. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn kí àfẹ́sọ́nà tó fẹ́ so yìgì yìí tó dé.

Nígbà tí a mú ọjọ́, ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi. Nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ.

"Mọ́mì, bí ohunkóhun bá ti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yẹn wá, ẹ má fún un o. Èmi ni kí ẹ fún."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ so yìgì yìí ná, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò fún ọmọ náà. Mi ò sì fún ìyá rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé yíya ni yóò ya á. Mo fi ọ̀rá wé e, mo rì í sí abẹ́ gàrí nínú ike ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Èmi nìkan ló ń mu gàrí nínú ilé náà. Mo ní kí n fún ara mi ní ọjọ́ méjì láti rò ó. Ọjọ́ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di ọ̀sẹ̀ kan, gàrí ò sì dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá ti bu ago kan, á dà bíi pé mo gbọ́ tí ọ̀rá yẹn ń dún nísàlẹ̀.

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni wọ́n fẹ́ fún un o. Kò sí ẹni tó fipá mú un. Catford ni àfẹ́sọ́nà náà ń gbé, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tó ń gbé wa lọ sókè bàjẹ́, òun ló gbé kẹ̀kẹ́ ọjà mi gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta, tó sì tún padà wá mú èmi náà lọ́wọ́. Kó tó béèrè ẹnikẹ́ni nílé wa, á kọ́kọ́ ní, "Gránmà, orúnkún ńkọ́?" Ká ní ènìyàn tí kò dáa ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn fún mi. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, màá fún ọmọ ní lẹ́tà rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ lẹ́tà yẹn jáde, òun ni mo ń fi ọ̀bẹ lé lọ́rùn. Bí mi ò bá sì yọ ọ́, ọmọ náà ni.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni ìbéèrè àfáà. Lọ́dọ̀ tiwa, kí wọ́n tó so yìgì, àfáà á wá béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin bóyá ó gbà. Bó bá fẹnu sọ pé òun gbà, ó tán. Bó bá sì dákẹ́, wọ́n á ní ojú ló ń tì í, ìdákẹ́ náà ti tó, ó ti gbà nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni àfáà máa wá béèrè. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Àbámẹ́ta, ni yìgì.

Bí wọ́n ṣe béèrè lọ́wọ́ èmi náà nìyẹn. Orí ẹní ni mo jókòó sí, wọ́n fi ìborùn bò mí lójú, ohùn àfáà nìkan ni mo ń gbọ́. Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo kọ̀ o. Ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́ nígbà yẹn, ó ku oṣù mẹ́fà péré kí n gba òmìnira, mo sì fẹ́ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mo ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lábẹ́ ìborùn, bí màá ṣe sọ ọ́ tí kò ní dà bí àfojúdi. Kí n tó tò ó tán, mo gbọ́ tí wọ́n ní "Alihamudulilai, ó ti gbà," wọ́n sì ti ń pín obì. Ọkọ mi ṣe dáadáa sí mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò parí iṣẹ́ aránṣọ yẹn títí di òní.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìgì ni ọmọ náà mú mi lọ wo fíìmù. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn Rye Lane tí wọ́n ti máa ń fi fíìmù àtijọ́ han àwa arúgbó lọ́sàn-án, wọ́n á sì fún wa ní tíì àti bisikíìtì. Ó gba ààyè níbi iṣẹ́ nítorí ìmúra yìgì, ó ní kí òun gbé mi jáde díẹ̀.

"Gránmà, fíìmù tí kò ní ohùn ni. Ẹ ò ní lè sọ pé òyìnbó wọn ti yá jù."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀?"

"Ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ṣí ìdérí ike gàrí, ó ní òun fẹ́ bu díẹ̀ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́. Èmi tí mi ò sáré láti bí ọdún mẹ́wàá, mo sáré. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a bù ú, pé kòkòrò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọ̀pá mi tí mo gbàgbé sórí àga, ó gbé ago fún mi. Nígbà tó jáde, mo yọ lẹ́tà náà, mo kì í sínú àpò tí mo máa ń gbé jáde. Bí mo ṣe gbé e dé gbọ̀ngàn nìyẹn, tí mo sì jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan, ẹni tó ni ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá mi tú bisikíìtì nínú ọ̀rá.

Wọ́n pa iná. Bàbá òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù lábẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù náà ń hàn lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, ojú wọn tóbi, wọ́n fi tìróò yí i ká. Bí wọ́n bá ti ya ẹnu díẹ̀, àwòrán náà á lọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á jáde lójú dúdú. Kí n tó dá lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ̀, ó ti lọ. Ọmọ náà wá ń tẹ̀ sí etí mi, ó ń kà á fún mi ní Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n bí sí London.

Ìtàn náà kò le. Ọmọbìnrin kan ń gbé létí òkun. Ó fẹ́ràn ọkùnrin kan tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn wà tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó ń fẹ́ ẹ, ó sì ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ọmọbìnrin náà ní òun gbà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìgbéyàwó dé, lẹ́tà dé láti òkun. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi í sáyà, ó wá gbé e sínú aago gíga kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Òógùn bò mí. Síbẹ̀ mo rò ó nínú ara mi pé ibi tó gbé e sí kò dáa. Aago tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ká lójoojúmọ́? Gàrí sàn jù ú lọ.

Ìyá Jàmáíkà kan tó jókòó níwájú wa nàka sí aṣọ funfun náà. Ó ní, "Wò ó, olè! Mo rí ẹ!" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì di àpò mi mú.

Wọ́n gbéyàwó. Ọkọ tuntun náà ṣe dáadáa sí i, ó ń rọra fi aṣọ bò ó lẹ́jìká. Àbúrò bàbá yẹn ń wo aago. Bí kámẹ́rà bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aago ló ń wò. Lọ́jọ́ kan aago náà kú. Ta ló máa tún un ṣe bí kì í bá ṣe ọkọ, tó mọ ohun gbogbo tún ṣe? Ó ṣí i, lẹ́tà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó mọ orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ó jókòó fún ìgbà pípẹ́, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyàwó kà á, ó jókòó sídìí tábìlì, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó fa nǹkan kan tí mi ò rí dáadáa mọ́ra. Ọ̀rọ̀ jáde lójú dúdú.

Ọmọ náà ní, "Ó ti ko o."

Mo pariwo. "Háà! Ó kọ̀ ọ́? Ọkùnrin dáadáa yẹn?"

Àwọn ènìyàn yíjú. Ìyá Jàmáíkà ní, "Kí ló ṣe? Kí ló ṣe?"

"Gránmà, rárá! Ko. Pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì. Lẹ́tà."

"Ó kọ ọ́. Ó kọ lẹ́tà."

"Ohun tí mo sọ nìyẹn náà!"

Ó bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Mo ní bó bá ń sọ ọ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan á tú ilé onílé ká. Nígbà tí mo tún yíjú sí i, ẹ̀rín náà ti tán. Ìmọ́lẹ̀ funfun náà wà lójú rẹ̀. Omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò nù ún, ó sì ń yí òrùka tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fún un, ó ń yọ ọ́ dé oríkèé ìka, ó ń tì í padà, bẹ́ẹ̀ léraléra. Kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn la ti ń bi í pé, "Ṣé inú rẹ ń dùn?" tó ń sọ pé, "Inú mi ń dùn." Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó wo ọwọ́ rẹ̀.

Wọn ò sọ bóyá ìyàwó náà lọ tàbí ó dúró. Ó kàn dúró lójú fèrèsé, ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀, ọwọ́ náà ò tíì débẹ̀ tí wọ́n fi tan iná. Ẹni tí mo ń rò ni àbúrò bàbá yẹn. Wọn ò bú u, wọn ò lù ú. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ó dúró ti aago náà, ó ń ká a.

Ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, mo bi ọmọ náà.

"Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n gbé lẹ́tà rẹ pamọ́ ńkọ́?"

"Èmi? Màá fẹ́ kà á ni. Kódà kó jẹ́ rọ́bíṣì."

"Bó bá máa bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ ńkọ́?"

"Ọkàn mi ni, àbí? Ínìt."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ìka mi kan ọ̀rá náà. Bọ́ọ̀sì sì dé.

"Gránmà, ẹ má wá páàsì yín kiri mọ́," ó ní, "ọrùn yín ló wà."

Mo yọ ọwọ́ mi jáde lófo. Mo gun bọ́ọ̀sì, ojú ara mi sì ń tì mí títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ọmọ náà ń dín dòdò. Mo gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì kí n tó jókòó, torí mo mọ̀ pé bí mo bá kọ́kọ́ jókòó mi ò ní gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó mú un, gàrí dà sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Gránmà, kí ni gàrí ń ṣe níbí?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni mo gbé e sí."

Ó wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Mo rí i tó dá a mọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kọkànlá nìyí."

"Mummy mọ̀?"

"Kò mọ̀ pé ó ti dé. Ṣùgbọ́n òun ló ní bó bá dé, kí n má fún ọ. Èmi sì ni mo gbé e pamọ́, má ka tèmi sí i lọ́rùn."

Mo retí kó pariwo mọ́ mi. Kò pariwo. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, dòdò sì ń jó. Mo pa gáàsì. Mo yọ àwọn tí kò tíì dúdú jù, mo jẹ ẹ́, nítorí kí ló tún kù tí mo lè ṣe? Títí ìyá rẹ̀ fi dé, kò jáde. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní òun ní nǹkan kan tí òun fẹ́ rà kí àfáà tó dé. Ó ti wọ bàtà, ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ó wá gbórí wọlé padà sọ́dọ̀ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Gránmà, ẹ má wọ́rì. Mo ti ko o."

Ilẹ̀kùn pa dé.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ló ti ṣe? Ohùn rẹ̀ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ó ti kọ lẹ́tà padà sí ọmọkùnrin Scotland ni? Ṣé ó ti kọ ọmọkùnrin náà sílẹ̀ pátápátá, tí ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀? Àbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló kọ̀, tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì, tí ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá kejì tó ń lọ aṣọ? Mo pè é lórí fóònù. Kò gbé e. Mo tún pè é. Mi ò lè bi ìyá rẹ̀, nítorí kí ni màá ní mo ń bi í lé lórí? Mo wọ ilé ìdáná lọ se ẹran tí àfáà máa jẹ. Mo fi iyọ̀ sí i, mo tún fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ó dà bí omi òkun inú fíìmù yẹn.

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó tọ́ ọ wò.

"Mọ́mì, kí ló ń ṣe yín lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ̀ ń sáré lórí gàrí, ẹ̀ ń fi iyọ̀ pa wá."

"Ọjọ́ orí ni."

"Ọjọ́ orí ò sáré rí." Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi sí ẹran náà. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, torí pé ó pẹ́ kí n tó tún rí ẹ̀rín náà.

Ọmọ náà dé ní wákàtí kan ṣáájú àfáà, ó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn ìrun, bàbá rẹ̀, ọkọ ọmọ mi, mú àfáà wọlé láti mọ́ṣáláṣí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni àfáà wa, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé púpọ̀ ní Peckham yìí. Wọ́n pe ọmọ náà wá. Ó fi híjáàbù funfun borí, ó jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, ó wo kápẹ́ẹ̀tì.

Àfáà sọ orúkọ àfẹ́sọ́nà náà, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ san ní sọ̀daàkí. Ó bi í bóyá ó gbà.

Ó dákẹ́.

Àfáà dúró díẹ̀, ó tún bi í. Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí bọ́ọ̀sì ń kọjá nísàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀ fún àdúà. Bàbá rẹ̀ ń mi orí. Àfáà fa èémí, mo sì mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ rí lábẹ́ ìborùn. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà. Òrùka kò sí níbẹ̀.

"Àfáà," mo ní, "ẹ dákun, ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ."

"Mọ́mì!" ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà gbójú sókè wò mí. Ó ki ọwọ́ bọ apá aṣọ rẹ̀, ó fa káàdì funfun kan yọ, irú èyí tí wọ́n fi ń kí ènìyàn, ó nà án sí bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ó ti kọ ọ́. Pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì. Ó mọ̀ pé ẹnu òun ò ní ṣeé là níwájú wọn, pé bí òun ò bá sì là á, wọ́n á ní òun ti gbà, ó wá lọ ra káàdì, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ bíi ti àwọn tó wà nínú fíìmù.

Bàbá rẹ̀ wá awò ojú rẹ̀ kiri, orí rẹ̀ ló wà. Ó kà á sókè, Yorùbá ni, ọmọ náà kò sì fi àmì kan sí i, bàbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ṣe tán. Mi ò fẹ́ kí ìdákẹ́ mi purọ́ fún yín. Ẹ má bínú sí Gránmà."

Àfáà gba káàdì náà, ó wò ó, ó dá a padà.

"A béèrè, ó sì dáhùn," ó ní. "Ohun tí a wá ṣe nìyẹn. Yìgì ò ní ṣeé so lọ́la."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. "Kí ló dé tó ní ká má bínú sí yín?"

"Lẹ́tà wá. Mo gbé e pamọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àná ni mo fún un."

Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ tó ṣí omi. Kò sí abọ́ kankan nínú síǹkì. Omi náà ń dà títí àfáà fi lọ.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló lọ sí Catford lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọkùnrin náà wá sílé wa lọ́sẹ̀ kejì, ó wá mú ìdì irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nígbà tó tún iná yàrá mi ṣe. Ó ní, "Gránmà, orúnkún ńkọ́?" Mi ò lè wò ó lójú. Mo ní orúnkún ń bọ̀ sípò. Ó ní, "Ó sàn kí n mọ̀ nísinsìnyí." Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo sunkún nítorí tirẹ̀, mo sọ òtítọ́.

Mi ò bi ọmọ náà ohun tó wà nínú lẹ́tà. Òun ló sọ ọ́ nígbà tó yá. Ó ní ọmọkùnrin Scotland kàn tọrọ àforíjì ni, kò bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, òun náà ò sì padà.

"Kí ló wá dé tí o fi yọ òrùka?"

"Nígbà tí mo kà á, mo rí i pé mi ò bínú sí i mọ́. Ìbínú yẹn ló ń lé mi sáré lọ sí yìgì, Gránmà. Nígbà tí kò sí mọ́, mi ò mọ ibi tí mo ń sáré lọ."

Ìyá rẹ̀ kò bá mi jà. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ sí mi níwájú, ó ń bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bi àwọn aláìsàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Oṣù kan gbáko. Mo wá ń fetí sí bó ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bó bá ti jù ú sórí tábìlì, mo mọ̀ pé ìbínú ṣì kù.

Lọ́jọ́rú kan, ọmọ náà wà níbi iṣẹ́, mo ń múra láti dá lọ sí gbọ̀ngàn. Ìyá rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ti wọ kóòtù.

"Ta ló máa ka Gẹ̀ẹ́sì fún yín?" ó ní.

A lọ. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kà á fún mi, ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó ń sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀. Ó dé ibì kan tí ìyá kan nínú fíìmù náà ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ láti ìta, ó fi orí ti igi ilẹ̀kùn náà. Ọ̀rọ̀ jáde lójú dúdú. Ọmọ mi ò kà á.

"Kí ni wọ́n kọ?" mo bi í.

Ó tú bisikíìtì tirẹ̀, ó dá a sí méjì, ó na ìdajì rẹ̀ sí mi láìwò mí. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́.